Ẹ má da oògùn yẹn nù o!

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ jọ̀ọ́, fóìsì tí wọ́n ń fọ́n ká láti àná yẹn, tó ní ẹni tí wọ́n bá ti yọ adrenal méjèèjì fún, wàhálà ti tán, kó da oògùn nù kó máa mu àgbo, irọ́ ni o. Orí kíndìnrín ni adrenal yẹn jókòó sí, òun ló ń ṣe cortisol, èròjà tí ara ò lè ṣe kó má ní, tí méjèèjì bá ti lọ, oògùn hydrocortisone àti fludrocortisone, tó ń rọ́pò ohun tí adrenal ń ṣe, lèèyàn á máa lò títí ayé. Tó bá dá a dúró pẹ́nrẹ́n, èébì, òòyì, ìfúnpá á já wálẹ̀, ó lè kú síbẹ̀. Kódà tí ibà bá mú un, ńṣe ni dókítà máa ń ní kó fi kún hydrocortisone ẹ̀, tó bá sì ń bì, abẹ́rẹ́ ni, kíá, kó má jókòó sílé.

Fóìsì yẹn tún ní tára bá ń dúdú, oògùn ló di májèlé. Rárá o! Ẹni tó jẹ́ pé kókó inú pituitary, lábẹ́ ọpọlọ, ló fa Cushing (àìsàn tí cortisol ti ń pọ̀ jù lára) tí wọ́n torí ẹ̀ yọ adrenal, kókó yẹn lè máa dàgbà sí i torí cortisol tó ń dá a lẹ́kun ti dín kù, á máa tú ACTH, èròjà tó máa ń ní kí adrenal ṣe cortisol, jáde, ìyẹn ló ń sọ ara di dúdú. Nelson ni wọ́n ń pè é, láti 1958 ni wọ́n ti kọ nípa ẹ̀. Orí lè máa fọ́ ẹlòmíì, kójú má ríran dáadáa. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe, àmọ́ ìdí tí wọ́n fi ń ní kẹ́ ẹ padà wá ṣe MRI, ìyẹn àwòrán inú orí, nìyẹn. (Àwa tá a ti dúdú tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo èrìgì yín, bóyá ó ń dúdú sí i.)