Olùrànlọ́wọ́ dókítà kì í ṣe nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ pé ẹni tó bá ti gba CCMA, ìyẹn ìwé ẹ̀rí olùrànlọ́wọ́ dókítà (medical assistant), ní Amẹ́ríkà ti di nọ́ọ̀sì, ẹ ṣì í o. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò NCLEX kí ìpínlẹ̀ tó fún un níwèé àṣẹ. Olùrànlọ́wọ́ ní tirẹ̀ ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó sì lè gún abẹ́rẹ́ níbi tófin ìpínlẹ̀ bá ti gbà á, lábẹ́ àṣẹ dókítà. Kò gbọ́dọ̀ sọ pé àìsàn báyìí ló ń ṣe ẹnìkan, ká má tiẹ̀ sọ pé kó kọ oògùn. Iṣẹ́ gidi ni, mi ò bù ú kù. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ di nọ́ọ̀sì ṣì máa lọ sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.