Bí ẹ ò tiẹ̀ ṣòjóró, anti-cheat kàn yín

"Bí o kì í bá ṣòjóró, kí lò ń bẹ̀rù?" Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́ nìyẹn, bó bá ti béèrè ohun tí anti-cheat, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ṣòjóró nídìí géèmù, ń wá nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mi ò gbà á. Nínú àwọn tí irú ẹ̀rọ yìí ti kó sí wàhálà, a rí àwọn tí wọn ò jẹ gbèsè òjóró kankan, a sì rí àwọn tí kò kan géèmù rárá.

Ẹ wo ESEA, àwọn tó ń ṣètò ìdíje géèmù Counter-Strike l'Amẹ́ríkà. Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ bá wọn gbá gbọ́dọ̀ fi anti-cheat tiwọn sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, àwọn oníbàárà kíyè sí i pé káàdì tó ń gbé àwòrán jáde ń ṣiṣẹ́ kárakára nígbà tí wọn ò gbá nǹkan kan. Bitcoin, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ń wà! Inú ilé-iṣẹ́ náà gan-an ni wọ́n ti ki kóòdù yẹn bọ anti-cheat. Ó dé orí nǹkan bíi 14,000 kọ̀ǹpútà, owó tí wọ́n rí níbẹ̀ ò sì ju bíi 3,700 dọ́là lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ New Jersey dá sí i, ó sì di àdéhùn mílíọ̀nù kan dọ́là.

Ti géèmù Genshin Impact tún bà mí lẹ́rù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2022, Trend Micro, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, tú àṣírí àwọn ọ̀daràn kan tí wọ́n mú mhyprot2.sys, driver (ètò kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀gbun Windows) ti anti-cheat géèmù náà, wọ́n gbé e wọ kọ̀ǹpútà ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n sì fi agbára rẹ̀ pa antivirus kí ransomware wọn, ètò tó ń ti fáìlì èèyàn pa kí wọ́n lè gbowó ìtúsílẹ̀, lè ráyè. Géèmù náà ò nílò láti wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Windows ò yarí, torí pé òǹtẹ̀ ojúlówó wà lára driver ọ̀hún. Òǹtẹ̀ kàn ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan ni, kò sọ pé nǹkan náà ò lábùkù.

Ibi tí agbára yẹn ti ń wá rèé: nígbà tí ẹ bá ń gbé géèmù sórí Windows, ojú kọ̀ǹpútà á ṣú díẹ̀, ìbéèrè kan á yọ, ẹ ó tẹ Yes. Yes kan ṣoṣo yẹn lè gba driver láàyè wọ inú kernel, níbi tí Windows fúnra rẹ̀ ti ń pàṣẹ. Lórí fóònù, áàpù á tọrọ kámẹ́rà lọ́tọ̀, á tọrọ máìkì lọ́tọ̀. Níbí, kò sí ìyẹn. Àwọn kan ń gbani níyànjú pé ká ṣí àkáǹtì Windows mìíràn fún géèmù. Kò ràn án, nítorí gbogbo kọ̀ǹpútà ni kernel ń ṣàkóso, kì í ṣe àkáǹtì kan.

Ṣùgbọ́n ká má purọ́ mọ́ ọn. Àwọn tó ń pariwo pé kernel ló ń jẹ́ kí anti-cheat ka fáìlì wọn ṣì í gbọ́: géèmù lásán tí kò ní anti-cheat lè ka fọ́tò àti ìwé yín, níwọ̀n ìgbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́ lórúkọ yín. Inú kernel sì ni àwọn tó ń ta irinṣẹ́ òjóró fúnra wọn sá lọ. Ìdí nìyẹn tí anti-cheat fi lé wọn débẹ̀.

Nítorí náà, kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń gbá irú géèmù yìí, ẹ má fi wọ báńkì, ẹ má kó iṣẹ́ ọ̀gá yín sí i, bí agbára bá gbé e. Vanguard, anti-cheat géèmù Valorant tí ilé-iṣẹ́ Riot ṣe, máa ń jí pẹ̀lú Windows, kódà lọ́jọ́ tí ẹ ò gbá nǹkan kan. Àmì pupa rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago: ẹ lè pa á níbẹ̀, kẹ́ ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbá. Bẹ́ ẹ bá sì yọ Valorant kúrò, ẹ wo àtòjọ áàpù yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí Riot Vanguard bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ yọ òun náà.