Kí ló kan príńtà nínú dátà tó tán?

“Dátà ti tán, a ò lè tẹ nǹkan kan jáde mọ́ nìyẹn.” Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Agbowó, mo ti gbọ́ ọ ní Mọ́kọ́lá, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà jẹun ní Dùgbẹ̀. Kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó ń sọ ọ́ kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ o, ohun tó fojú ara rẹ̀ rí ló ń sọ. Ohun tó fojú rí yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká tú wò.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Akóbọ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré kan, ilé ni wọ́n sì ti máa ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, kó má baà jẹ́ pé business centre ni àwọn ọmọ á ti kọ́kọ́ rí i. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni, ìdánwò ku ọ̀la. Láptọ́ọ̀pù wà lórí tábìlì ìjẹun ní pálọ̀, príńtà wà nínú yàrá, Wi-Fi ló so wọ́n pọ̀. Wọ́n mú iná lọ ní nǹkan bí aago méje, wọ́n dá a padà lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Láti ìgbà náà, ẹ bá príńtà sọ̀rọ̀, kò dáhùn. Wọ́n yẹ ráútà, àpótí kékeré tó ń pín Wi-Fi ká ilé, wò, wọ́n rí i pé dátà ti tán. Ó parí! Nẹ́tíwọ́ọ̀kì báǹkì ò jẹ́ kí wọ́n lè rà á lórí fóònù, ọmọ wọn ọkùnrin ti ń wọ bàtà láti jáde lọ ra káàdì nínú òkùnkùn.

“Àǹtí mi, ẹ ní kó jókòó. Ẹ ò nílò dátà.”

“Ìwọ yìí náà! Ṣé o ò rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni? Wọ́n ní ‘No internet’.”

Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ló ń da ilé rú. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀nà ìta ti dí. Kò sọ pé ilé ti wó.

Ẹ wo agboolé ayé àtijọ́, irú èyí tó ṣì pọ̀ ní Ọjà-Ọba àti Òjé. Ẹnu-ọ̀nà kan ló já sí títì. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí baálé bá ti ilẹ̀kùn yẹn, kò sẹ́ni tó máa jáde lọ ra àkàrà. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà bá ní kí ọmọ gbé abọ́ àmàlà láti yàrá òun lọ sí yàrá bàbá, ṣé ọmọ náà á ní wọ́n ti tìlẹ̀kùn títì ni? Inú ilé kan náà ni wọ́n wà! Ráútà ni baálé. Dátà tí ẹ̀ ń rà, owó ẹnu-ọ̀nà títì ni. Ìwé tó ń ti láptọ́ọ̀pù lọ sí príńtà kò fojú kan títì rárá: ó gba afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ ráútà, ráútà gbé e fún príńtà, ó tán. Kò kúrò ní Akóbọ̀, kò tilẹ̀ kúrò lábẹ́ òrùlé. Kò sì jẹ dátà kankan, ì báà jẹ́ ojú ewé kan tàbí 500. Bákan náà ni fíìmù tó tó 2GB tí ẹ bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì nínú ilé.

Nọ́ńbà tí ráútà ń pín fún àwọn ará ilé gan-an ń jẹ́rìí sí i. Ẹ ṣí Command Prompt lórí Windows, ẹ tẹ ipconfig. Ẹ máa rí nǹkan bíi 192.168.8.101. Nọ́ńbà yàrá nìyẹn. Ní February 1996, àwọn tó ń ṣètò íntánẹ́ẹ̀tì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní RFC 1918 pé àwọn nọ́ńbà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, àti ìdìpọ̀ méjì mìíràn, inú ilé nìkan ni wọ́n wà fún. Ìdí nìyẹn tí ilé yín àti ilé aládùúgbò yín fi lè ní 192.168.8.101 kan náà láìjà, bí gbogbo agboolé ṣe lè ní “yàrá kejì lápá ọ̀tún”. Nọ́ńbà tí kò lè jáde síta, kí ni ó fẹ́ fi dátà ṣe?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn, 1973 ni Robert Metcalfe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Xerox PARC, ní Palo Alto ní California, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Ethernet, ọ̀nà tí wọ́n fi ń so àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé kan pọ̀ mọ́ ara wọn. Lára ohun tó sún wọn dé ibẹ̀ ni pé wọ́n ní àwọn kọ̀ǹpútà Alto lórí tábìlì, wọ́n sì ní príńtà léésà tí gbogbo wọn fẹ́ jọ máa lò. ARPANET, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ara rẹ̀ jáde, ti wà ṣáájú, mo gbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní January 1983 ló tó bọ́ sórí TCP/IP, ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò títí dòní. Ẹ̀gbọ́n ni príńtà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́ fún íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n kì í gbàyè lọ́wọ́ àbúrò kó tó jẹun.

Àbí ta ni kò lo Xender rí? Fíìmù, orin, àwòrán ìgbéyàwó, gbogbo rẹ̀ là ń fi ránṣẹ́ láti fóònù sí fóònù láìsí kọ́bọ̀ dátà, a sì ń fi í yangàn pé ọ̀fẹ́ ni. Wi-Fi kan náà ló ń ṣe é. Ìgbà tó bá kan príńtà ni a máa ń gbàgbé.

Kí ló wá dé tó fi dà bíi pé òótọ́ ni? Ibí yìí lọ̀rọ̀ wà.

Fóònù ni ọ̀daràn àkọ́kọ́. Bí Android bá rí i pé Wi-Fi tó wà lórí rẹ̀ kò já síta, ó lè fi í sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kó bọ́ sórí dátà SIM. Ẹ̀yin rò pé ẹ ṣì wà lórí Wi-Fi ilé. Fóònù yín ti wà níta, ó ń wá príńtà ní títì. Kò lè rí i láéláé. Nígbà míì ó máa kọ́kọ́ béèrè bóyá kí òun dúró sórí Wi-Fi tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì yìí. Ọ̀pọ̀ wa á yára tẹ No. Yes ni kí ẹ tẹ̀. Bí kò bá béèrè, ẹ pa dátà SIM fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tún gbìyànjú.

Èkejì ni iná. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ráútà ń kú, ó ń jí, ó sì ń tún nọ́ńbà yàrá pín. Príńtà tó wà ní 105 lánàá lè bọ́ sí 103 lónìí. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀, 105 ló ṣì ń kanlẹ̀kùn. Ó á kọ Offline síwájú yín. Níwọ̀n bí ọjọ́ tí dátà tán àti ọjọ́ tí iná lọ ti sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ kan náà láyé tiwa yìí, dátà la máa ń dì mú.

Ẹ̀kẹta sì ni pé bí ẹ bá ra dátà tán, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ máa ń pa ráútà, ẹ máa ń tàn án. Ẹlòmíì á tún pa príńtà mọ́ ọn. Nígbà tí gbogbo wọn bá jí, wọ́n á tún ara wọn rí, ìwé á jáde. Pípa àti títàn ló ṣe iṣẹ́, dátà ló gba ọpẹ́. Bí wọ́n bá ti rí i bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó máa yí wọn lérò padà mọ́, àfi kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde lójú wọn láìsí dátà.

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo lọ síwájú príńtà, mo wá nọ́ńbà rẹ̀ lójú rẹ̀ kékeré yẹn, lábẹ́ Network: 192.168.8.103. Mo padà sí pálọ̀, mo tẹ ping 192.168.8.103 nínú Command Prompt lórí láptọ́ọ̀pù, ìyẹn ni pé kó kanlẹ̀kùn nọ́ńbà yẹn bóyá ẹnì kan á dáhùn. Ìlà mẹ́rin ló dáhùn pé Reply from. “Àǹtí mi, ẹ wò ó, wọ́n ń kí ara wọn.” Mo wá ṣí Printer properties, mo wọ Ports. 192.168.8.105 ló wà níbẹ̀, yàrá tó ti ṣófo. Mo tẹ Add Port, mo mú Standard TCP/IP Port, mo kọ 103 sí i, mo tẹ Apply.

Ẹ̀gbọ́n mi ti tẹ Print lẹ́ẹ̀mẹsàn-án kí n tó dé. Mi ò mọ̀. Gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló ti tò sílẹ̀ tó ń dúró. Príńtà kùn díẹ̀, ó mi ara, ó fa ìwé àkọ́kọ́ wọlé ní wíwọ́, ìbéèrè Ìṣirò Primary 4 sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìwé inú rẹ̀ fi tán. Kò sí dátà nínú ilé. ‘No internet’ ṣì wà lójú láptọ́ọ̀pù gbagidi.

Wọ́n ò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan. Wọ́n wá ní: “Nígbà yẹn, owó mélòó ni mo ti fi ṣòfò?”

Kó má baà tún ṣẹlẹ̀, mo ṣí ojú ewé ráútà, mo sì ní kó máa fún príńtà ní 192.168.8.50 nìkan, iná ì báà lọ ẹ̀ẹ̀mẹwàá lóòjọ́. Mo pààrọ̀ rẹ̀ ní Ports náà. Ẹ ṣàkíyèsí o: ojú ewé ráútà fúnra rẹ̀, tí a fi 192.168.8.1 ṣí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún yín pé dátà ti tán, ó sì ṣí láìsí dátà.

Fódà kan tún wà lórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi tí ọmọ wọn obìnrin fẹ́ máa ṣí láti orí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, àmọ́ tí kò ṣí; ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, kò sì kan dátà náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ráútà lóṣù tó kọjá. Lójú Windows, ráútà tuntun ni àdúgbò tuntun, ó sì máa ń kà á sí Public network, bí ẹni tó wà ní ibùdókọ̀ Ìwó Road láàárín àjèjì. Ó á fi ara rẹ̀ pamọ́, kò ní jẹ́ kí wọ́n rí fódà rẹ̀. Ẹ wọ Settings, Network & internet, ẹ mú Wi-Fi ilé, kí ẹ yí i sí Private. Ẹ má pa firewall, ẹ̀ṣọ́ tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, o! Mo mọ̀ pé wọ́n á ní kẹ́ ẹ pa á. Bó bá béèrè password, èyí tí ẹ fi ń wọ àkáǹtì lórí kọ̀ǹpútà tí fódà wà lórí rẹ̀ ló fẹ́. PIN olóòkà mẹ́rin kì í ṣiṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ara kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ṣe é ni ó mọ. Ẹ má sì wá HomeGroup, ibi tí a ti ń pín fódà nínú ilé tẹ́lẹ̀, kiri mọ́, Microsoft ti yọ ọ́ kúrò nínú Windows 10 láti 2018. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ lọ jí SMB1, ọ̀nà àtijọ́ tí Windows fi ń pín fáìlì, dìde, ẹ rántí WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ja ayé ní May 2017. Ẹnu-ọ̀nà SMB1 yẹn ló gbà wọlé.

Ráútà míì wà tó ní nǹkan tí wọ́n ń pè ní AP isolation, tàbí Wi-Fi àlejò. Bó bá wà ní títàn, olúkúlùkù ń rí íntánẹ́ẹ̀tì ṣùgbọ́n wọn ò rí ara wọn. Ẹ rí i báyìí? Dátà kún fọ́fọ́, príńtà ò ṣiṣẹ́. Òdìkejì ohun tí gbogbo ayé gbà gbọ́ gan-an.

Mi ò ní ṣe bí ẹni pé dátà kì í wúlò rí. Bí ìwé náà bá ṣì wà nínú Gmail tàbí Google Drive tí ẹ ò tíì gbà á sílẹ̀, ẹ nílò dátà láti mú un wálé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbé príńtà tuntun kalẹ̀, Windows lè fẹ́ lọ wá driver rẹ̀, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá príńtà sọ̀rọ̀, níta. Àwọn príńtà HP kan sì wà tí wọ́n tà pẹ̀lú ètò HP+: ẹni tó bá ti gbà á ti fọwọ́ sí i pé príńtà náà máa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo, àti pé ínkì HP nìkan lòun máa lò. Ẹ kà á dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Google Cloud Print náà wà nígbà kan, òun ní tirẹ̀ máa ń gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ Google kó tó gbé e padà sí yàrá kejì; wọ́n ti pa á ní ìparí December 2020. Mo rò pé irú wọn ló gbin èrò yìí sí wa lọ́kàn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà rẹ̀. Wọ́n fi máákà kọ 192.168.8.50 sórí ìlẹ̀mọ́ funfun, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí príńtà. Ọjọ́ Wẹ́sidé ni wọ́n tó ra dátà, ìyẹn náà, ọkọ wọn ló fẹ́ wo bọ́ọ̀lù.