Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀: Kí Ìjọba Má Tún Yẹ Àdéhùn Mọ́

Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2019, ní ìlú Niamey, Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Benin buwọ́ lùwé lọ́jọ́ kan náà láti wọ àdéhùn ọjà ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní AfCFTA. Ààrẹ ìgbà náà, olóògbé Muhammadu Buhari, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti Nàìjíríà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ, ìjọba kan náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹnubodè orí ilẹ̀. Nínú oṣù Kẹwàá, ọ̀gá àgbà àwọn aṣọ́bodè wá là á mọ́lẹ̀ pé ọjà kankan ò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé tàbí jáde. Ó kù díẹ̀ kó pé oṣù mẹ́rìndínlógún kí wọ́n tó ṣí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, tó wà láàárín Èkó àti Benin, àti mẹ́ta mìíràn, ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹnubodè Ìdí-Ìrókò ní tirẹ̀ ò rí ṣíṣí títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ àná ni, kí la tún ń tú u sí? À ń tú u nítorí pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n tì í ní 1984, ó di 1986 kí wọ́n tó ṣí i. Ní 2003, Ààrẹ Olusegun Obasanjo ti ẹnubodè Benin pa fún bí ọ̀sẹ̀ kan lórí ọ̀rọ̀ àwọn adigunjalè tó ń kó ọkọ̀ gba ibẹ̀ lọ. Ó tún di 2019. Ẹni tó bá wà lórí àga lọ́la lè jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kó tún pàṣẹ bẹ́ẹ̀, kí ọlọ́jà tó bá a lójú ọ̀nà sì fi orí fá a. Ohun tí a fẹ́ kó dópin nìyí.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti Nàìjíríà náà, nítorí ẹjọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìrẹsì funfun ni àwọn ará Benin ń jẹ jù, síbẹ̀ ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀ kí wọ́n tó bó o, irú èyí tí àwa ń jẹ níbí, ni ọkọ̀ ojú omi ń já sí èbúté Kùtọnú ní ọ̀pọ̀ yanturu. Gbogbo ayé ló mọ ibi tó ń lọ. Àdéhùn ECOWAS, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní kí ọjà tó bá ń gba ilẹ̀ ẹnìkan kọjá sí ilẹ̀ ẹlòmíràn wà nínú kọ̀ńténà tí a fi èdìdì dì, kí wọ́n sì sìn ín dé ọwọ́ aṣọ́bodè ẹni tó ni ín. Ọdún pẹ̀lú ọdún ni Benin ń fi ojú fo èyí dá, tó ń jẹ owó ibodè lórí ẹrù tó mọ̀ pé òru ni wọ́n máa gbé e wọ Nàìjíríà. Àgbẹ̀ tó gbin ìrẹsì sí Kebbi ò lè bá ọjà bẹ́ẹ̀ du owó. Ìbínú ìjọba lé e lórí tọ̀nà.

Àmọ́ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Onífàyàwọ́ kì í gba ẹnubodè. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ló mọ̀, inú igbó, orí ọ̀sà, lórí ọ̀kadà tí wọ́n ti tú àga rẹ̀ kí àpò ìrẹsì mẹ́rin lè dúró. Ẹni tó ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá tìwé tìwé ni ẹni tó gba àdéhùn wa gbọ́. Òun gan-an la ti ìlẹ̀kùn mọ́.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, Buhari àti Ààrẹ Benin ìgbà náà, Patrice Talon, jọ ṣí ilé tuntun kan ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké, tí owó àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù kọ́, kí òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì lè jókòó sábẹ́ òrùlé kan náà, kí awakọ̀ má baà máa na ìwé ní ẹ̀ẹ̀mejì. Kò pé ọdún kan tí tírélà fi tò síwájú ilé yẹn láìlè lọ, láìlè bọ̀. Ẹ ronú ọ̀pẹ̀yìnbó tó ti pọ́n nígbà tí wọ́n gé e. Lọ́jọ́ kẹta ìdí rẹ̀ á rọ̀, ọjọ́ karùn-ún á máa rùn bí ẹmu tó kan, omi á máa kán láti abẹ́ ọkọ̀ sórí ọ̀dà, eṣinṣin á bò ó. Tòmátì kì í tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Owó àwọn tó gbìn ín sí Allada àti Grand-Popo ní Benin ló ń kán sílẹ̀ yẹn, àwọn tí kò ru àpò ìrẹsì kan rí.

Tiwa náà jẹ nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó wà ní Àgbárá àti Ọ̀tà, tó ń fi ọjà ránṣẹ́ sí Accra, ò rí ọ̀nà gbé e gbà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ìjọba tún ní kí wọ́n má já epo sí ilé epo kankan tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Kétu ni Ìmẹ̀kọ, Kétu ni àwọn ará òdìkejì ní Benin. Ìlà tí òyìnbó fà ló pín wọn. Àṣẹ yẹn sọ ìyá tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ní Ìmẹ̀kọ di ẹni tí ń wá bẹntiróòlù kiri, bí ẹni pé onífàyàwọ́ ni òun náà. Ní Ghana ẹ̀wẹ̀, níbi tí àwọn ọlọ́jà ti ń bá àwọn ọmọ wa fa wàhálà tipẹ́, títì tí a ti Sẹ̀mẹ̀ mọ́ ẹrù wọn fún wọn ní ẹnu ọ̀rọ̀ sí i nígbà tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù ọmọ Nàìjíríà pa ní Kumasi àti Accra.

Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba lè sọ pé a kò tíì fi òǹtẹ̀ ìkẹyìn lu AfCFTA nígbà náà, pé 2020 la tó ṣe é. Nàìjíríà wà lára àwọn tó gba òfin Vienna ti ọdún 1969, òfin àgbáyé lórí àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè, wọlé, òfin yẹn sì sọ pé kí ẹni tó bá ti buwọ́ lu àdéhùn má ṣe ohun tó máa bà á jẹ́ kí òǹtẹ̀ tó dé. Ti ECOWAS kò tilẹ̀ nílò àlàyé, nítorí Èkó la ti dá a sílẹ̀ ní 1975, ó sì ti tó ogójì ọdún tí a ti fọwọ́ sí ìrìn fàlàlà àti ètò ọjà rẹ̀.

Èrò wa ni pé kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ṣòfin pé a kò ní ti ẹnubodè mọ́ ọjà tó ní ìwé ECOWAS láìkọ́kọ́ kéde fún àwọn tí a jọ ṣàdéhùn, àti pé ẹrù tó bá ti wà lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ kọjá. Bí Benin bá tún ṣẹ̀, Abuja ni olú ilé iṣẹ́ ECOWAS wà, ibẹ̀ náà ni ilé ẹjọ́ rẹ̀ wà; kí a gbé e lọ síbẹ̀, kí gbogbo ayé gbọ́ iye ìrẹsì tó ń kó wọlé. Kí àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í di èdìdì bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Kí ìjọba wa sì kó àwọn ibi àyẹ̀wò tó to ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ sí Èkó kúrò, nítorí títì díẹ̀díẹ̀ ni ìyẹn náà. Àwọn aṣòfin tó ń ṣojú Badagry, Ìpókíá àti Ìmẹ̀kọ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé àbá yìí dìde. Ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn tí òwò wọn wó ní 2019 ń gbé.