Ìdánìkanwà kì í ṣe àìsàn òyìnbó

Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí ẹgbẹ́ wa ní kí onílù wá máa kọ́ àwọn màmá tó dá wà nílé nílù àti orin, ẹ kọ ọ́ pé "àìsàn òyìnbó ni ìdánìkanwà, kí ẹgbẹ́ má fowó wa pe onílù nítorí ẹ̀." Kò rí bẹ́ẹ̀, sà. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2025 sọ pé ẹnì kan nínú mẹ́fà lágbàáyé ló ń jìyà ẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, ó tó 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti àwọn olówó ò ju nǹkan bí 11 lọ. Ta wá ni òyìnbó níbẹ̀?

Ẹ wo Kubwa níbí, l'Ábújá. Màmá tí ọmọ mú wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé kó wá bá òun tọ́mọ, tí kò gbọ́ Háúsá, tí tọkọtaya ti jáde lọ Wuse kílẹ̀ tó mọ́, ta ni yóò bá sọ̀rọ̀ títí di alẹ́? Tẹlifíṣọ̀n?

Ibi tẹ́ ẹ ti sòótọ́ ni pé òde alẹ́ kan, ká máa náwó fólórin, kò wo nǹkan kan sàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹgbẹ́ ń sọ nìyẹn. Onílù yóò máa kọ́ àwọn màmá náà nílù àti orin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹ́ ló mọ ilé tí irú màmá bẹ́ẹ̀ wà, òun ni yóò lọ pè wọ́n.