Kì í ṣe radar altimeter ló pa Herbert Wigwe

Ẹnì kan tún gbé e sórí WhatsApp wa lánàá pé radar altimeter, ẹ̀rọ hẹlikọ́pítà kan tó bàjẹ́, ló pa Herbert Wigwe, ọ̀gá Access Bank tẹ́lẹ̀, pé awakọ̀ ò lẹ́bi kankan. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ti àwọn tó ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀, n ò ní dá wọn lóhùn rárá.

Lálẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 2024, hẹlikọ́pítà EC130 kan gbéra ní Palm Springs ní California, ó ń lọ sí Boulder City ní Nevada. Awakọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú Wigwe, ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, àti Abímbọ́lá Ògúnbánjọ tó ti ṣe alága NGX Group, ilé iṣẹ́ tó ni ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà, rí. Ó já lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó yè.

Lóòótọ́ ni radar altimeter rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ kó tó gbéra. Kí niṣẹ́ ẹ̀rọ náà gan-an? Ó ń ju ìgbì rédíò sílẹ̀, ó ń gbà á padà, ó sì ń sọ bí ilẹ̀ ṣe jìn sí wọn tó. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun kọ́ ló ń gbé hẹlikọ́pítà dúró lófuurufú.

NTSB, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀, yẹ ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ wò, wọn ò rí àléébù tó lè já a bọ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé ojú ni awakọ̀ fi ń wọ̀nà, ó kó wọnú ojú ọjọ́ tí ojú ò ti ríran, kò sì padà. Ẹ ro ibi tí wọ́n wà: aginjù Mojave lóru, òjò àti yìnyín ń bọ́ pọ̀, títì I-15 tí wọ́n ń tọ̀ lọ nìkan ló níná díẹ̀. Hẹlikọ́pítà náà yà díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń sọ̀ kalẹ̀, eré rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Nínú òkùnkùn bẹ́ẹ̀, bí èèyàn bá rọra ń yà, omi inú etí á fara balẹ̀, ara á sì sọ fún un pé gbọọrọ lòun ń lọ. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí awakọ̀ hẹlikọ́pítà Kobe Bryant, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà, náà nìyẹn lóṣù Kìíní ọdún 2020. Ó sọ fún àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfuurufú pé òun ń gòkè lọ sí 4,000 ẹsẹ̀ bàtà, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ló ń já lọ. Èèyàn mẹ́sàn-án ló kú.

Mo ti ṣiṣẹ́ lórí omi rí lápá Delta, hẹlikọ́pítà ló ń gbé wa lọ tó ń gbé wa bọ̀. Lásìkò ọyẹ́, awakọ̀ wa á wo ojú ọ̀run, á bọ́ gbohùngbohùn etí rẹ̀ sílẹ̀, á ní òun ò lọ. Ọ̀gá á pe fóònù, àwa èrò á máa kùn, kò ní mira. Gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ ló pé o.

Bóyá radar altimeter ì bá ti ké kí wọ́n tó kanlẹ̀, n ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà ò gbà kí ilé iṣẹ́ fi hẹlikọ́pítà tí radar altimeter rẹ̀ ti kú gbé èrò tó sanwó bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni ín ló yẹ kó rí sí i pé kò gbéra, NTSB sì kọ àìbójútó wọn mọ́ ohun tó dá kún ìjàǹbá náà. Awakọ̀ ló pinnu láti máa lọ, ilé iṣẹ́ ló fi í sílẹ̀ kó lọ. Ẹ yé di gbogbo ẹ̀ ru ẹ̀rọ kan.