Omi ló ń kán ní sálẹ́ńsà rẹ̀, ibòmíràn ni èéfín rẹ̀ ti ń jáde

Ẹ óò ti gbọ́ ọ pé mọ́tò tó ń lo háídrójìn kì í ba afẹ́fẹ́ jẹ́ rárá, omi nìkan ló ń tú sílẹ̀. Omi náà kì í ṣe irọ́. Nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní fuel cell, háídrójìn inú táǹkì á pàdé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, iná ẹlẹ́tíríìkì á jáde, iná yìí ni yóò sì máa yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Omi ló ṣẹ́kù.

Níbo ni wọ́n ti wá rí háídrójìn ọ̀hún? Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó bá a lóun nìkan nínú ilẹ̀. Ó máa ń so mọ́ nǹkan mìíràn, agbára ni wọ́n sì fi ń já a kúrò níbẹ̀. Inú gáàsì tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ èyí tó pọ̀ jù lágbàáyé: wọ́n á da oru omi gbígbóná janjan pọ̀ mọ́ gáàsì náà, háídrójìn á bọ́ sí ọ̀tọ̀, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ á di kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì, èéfín tó ń mú ayé gbóná, wọ́n á sì tú u sójú ọ̀run. Èédú ni wọ́n ń lò fún púpọ̀ nínú tiwọn ní Ṣáínà, ìyẹn sì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Kílò háídrójìn kan tí a yọ nínú gáàsì ń mú nǹkan bíi kílò 9 sí 10 kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì wá. Ọkọ̀ háídrójìn bíi Toyota Mirai lè fi kílò kan yẹn rin nǹkan bí 100 kìlómítà. Lítà bẹntiróòlù kan tó bá jóná, kílò 2.3 ló ń tú jáde. Ọkọ̀ tó ń lo epo àti bátìrì pọ̀, tó ń jẹ lítà 4 ní 100 kìlómítà, kílò 9 àti díẹ̀ ni tirẹ̀. Ọgbọọgba ni wọ́n! Ọkọ̀ elépo lásán tó ń jẹ lítà 7 burú jù ú lọ, mo gbà, ṣùgbọ́n ta ló sọ pé "kò ní èéfín rárá"?

Wọ́n á ní ká yọ ọ́ nínú omi, ká fi iná oòrùn tàbí ti afẹ́fẹ́ ṣe é. Ìyẹn mọ́ lóòótọ́. Àmọ́ èyí tí wọ́n ń ṣe báyìí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo háídrójìn ayé, ó sì ń jẹ iná: ó lé ní yúnìtì 50 kí kílò kan tó jáde, kí wọ́n tó tún fún un mọ́ táǹkì. Ẹni tó bá gba yúnìtì 50 yẹn sínú bátìrì ọkọ̀ oníná yóò rìn tó 250 kìlómítà.

Kì í ṣe pé háídrójìn kò wúlò o. Àwọn ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ ń lò ó ní tọ́ọ̀nù-tọ́ọ̀nù lójoojúmọ́, inú gáàsì kan náà ni wọ́n sì ti ń rí i. Wọn kò lè fi bátìrì rọ́pò rẹ̀. Mọ́tò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ ni ìwọ̀nba èyí tó mọ́ yóò kọ́kọ́ gbà lọ.